Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ wà nídìí òwò ọtí, ẹ sọ ìrírí yín fún wa

Ìyá Kẹ́mi, Muṣin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Àbúrò wa tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ béèrè irú bíà tí obìnrin lè fi bẹ̀rẹ̀ òwò tí yóò fi tètè rówó, ọ̀pọ̀ yín sì ti ń dárúkọ èyí tó ń yá lọ́jà ládùúgbò yín. Lójú tèmi, orúkọ tó wà lára ìgò kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì, nítorí pé láti ìgbà tí mo ti gba dípò, ìyẹn ibi tí a ti ń ta ọtí ní kíréètì-kíréètì fún àwọn ọlọ́tí, lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi, ìgò òfo ló ń gbé mi ró, òun náà ló sì máa ń fẹ́ gbé mi ṣánlẹ̀.

Kíréètì bíà onígò ńlá kan gba ìgò 12. Bí ọkọ̀ bá já ọjà sílẹ̀ fún mi, iye kíréètì tó já gan-an ni yóò fẹ́ gbé padà ní òfo, pẹ̀lú ìgò tó pé nínú wọn. Èyí tí kò bá pé, èmi ni n óò san owó rẹ̀ lé owó ọtí lórí. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi owó ra òfo kó tó fi owó ra ọtí. Owó òfo yìí kì í sì í yípo bí owó ọjà. Ṣe ni yóò jókòó síbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì wà nídìí òwò náà. Èrè orí kíréètì kan kéré débi pé bí ìgò bíi mélòó kan bá fọ́ nínú rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni ẹ bá oníbàárà gbé e.

Àríyá ni òfo ti máa ń sọnù jù lọ. Wọn yóò gbé ọtí lọ́jọ́ Ẹtì, wọn yóò búra pé gbogbo òfo yóò pé lọ́jọ́ Ajé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú tó mọ́, àwọn ọmọ tó ń ṣa ìgò á ti ṣa tiwọn, àwọn àlejò á ti gbé díẹ̀ sínú mọ́tò, àwọn tó ń ta epo pupa, òróró àti oyin á sì ti ra ìyókù, nítorí pé ìgò bíà ni wọ́n fi ń wọn ọjà wọn fún wa. Nítorí náà, mo máa ń gba owó ìdógò lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbé ọtí lọ sóde, títí kan ìyàwó pásítọ̀ wa, tó jẹ́ pé mọ́ọ̀tì lásán ló wá rà. Ó bínú, ṣùgbọ́n ó san án.

Ti àwọn agbẹ́rù náà tún wà níbẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń dúró lókèèrè kí ẹlòmíràn bá wọn ka òfo, wọ́n á wá kó kíréètì tí ìgò rẹ̀ kò pé sáàárín òkìtì, kí èyí tó pé yí i ká. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti máa ń ní kí wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ níṣojú mi. Ìyá Kà-á-lójú-mi ni wọ́n ń pè mí, orúkọ náà kò sì dùn mí.

Ní ti àwìn, obìnrin tó ni ilé ọtí ni mo máa ń dá lóhùn jù. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ní kí gbogbo Èkó jókòó sílé láti ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020 nítorí àrùn Kòrónà, ìlẹ̀kùn ilé ọtí tì mọ́ òfo mi, àwọn ilé ọtí mìíràn kò sì ṣí mọ́ títí di òní. Lára èyí tí mo rí gbà padà, ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ni púpọ̀ rẹ̀ ti wá, nítorí pé àwọn fúnra wọn ló ń dúró ti ìgò wọn. Ọkùnrin máa ń fi ilé ọtí sílẹ̀ fún ọmọọṣẹ́, kí òun náà lè jókòó bá àwọn oníbàárà mu.

Ràfátù, Òṣogbo

Ìyá Kẹ́mi, mo kí yín. Èmi kò ní dípò. Aṣojú ilé iṣẹ́ ọtí ni mo jẹ́ kí n tó fiṣẹ́ sílẹ̀. Ìlẹ́ṣà ni wọ́n bí mi sí, níbi tí wọ́n ti ń pọn bíà láti ọdún 1978, síbẹ̀ nígbà tí mo sọ nílé pé mo fẹ́ máa tà á, bàbá mi tó jẹ́ àlùfáà Mùsùlùmí kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ọ̀gá mi gbà pé obìnrin kò lè ṣe àgbègbè tí ilé ọtí pọ̀ sí, nítorí pé alẹ́ ni ilé ọtí máa ń kún. Bẹ́ẹ̀, ọ̀sán ni ọlọ́tí ń ka owó. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, ẹni tó ni ilé ọtí á ti jókòó ti ìwé rẹ̀, á máa to òfo, á máa wo ohun tó ti tán. Àsìkò yẹn gan-an ni mo máa ń wọlé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ọkùnrin tó ń lọ lálẹ́ a máa bá ariwo orin, ẹni tó ti rẹ̀, àti àwọn tó fẹ́ kí wọ́n ra ìgò kan fún àwọn. Iṣẹ́ mi náà ni láti ṣí fìríìjì tí ilé iṣẹ́ fún wọn wò, kí n rí i pé ọtí tiwa nìkan ló wà níbẹ̀. Bíà ilé iṣẹ́ mìíràn, ẹja dídì, àgbo ìyá ẹnìkan: gbogbo rẹ̀ ni mo ti bá níbẹ̀.

Tágẹ́ẹ̀tì, ìyẹn iye ọjà tí ilé iṣẹ́ ní kí n tà, ló ni mí lára jù. Nínú oṣù Ràmàdáánì, títà bíà máa ń lọ sílẹ̀ gidigidi níhìn-ín, nítorí pé àwọn Mùsùlùmí tó ń mu ún pàápàá máa ń sinmi, ṣùgbọ́n iye kan náà ni àwọn ọ̀gá ń béèrè. Mọ́ọ̀tì tí mo ń kó lọ fún àwọn tó ń pèsè ìṣínu ni mo fi ń dí àlàfo náà.

Ṣadé, Agége

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ òfo yìí gan-an ló sọ mí di ẹni tó ń ta ọtí inú ọ̀rá. Ẹni tó bá mu ún yóò ju ọ̀rá nù, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń dá padà, owó kékeré sì tó láti fi bẹ̀rẹ̀ létí gáréèjì. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbára mú òfin tó ká ọtí inú ọ̀rá àti ti inú ìgò kéékèèké lọ́wọ́ kò. Wọ́n ní nítorí àwọn ọmọdé àti awakọ̀ ni, n kò sì lè jiyàn, nítorí ojú mi ti rí awakọ̀ tó já ọ̀rá kí ó tó gun ọkọ̀. Àwọn oníbàárà mi kò dẹ́kun mímu. Ọ̀dọ̀ aláparaga tó wà lódìkejì títì ni wọ́n rékọjá sí. Wọ́n tún sún òfin náà síwájú títí di ìparí ọdún 2025, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́, bíà ni mo fẹ́ bọ́ sí. Ìyá Kẹ́mi, níbo ni ẹni tí kò ní owó òfo ti lè bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Kẹ́mi, Muṣin

Ṣadé ọmọ mi, má tíì lọ bá ilé iṣẹ́. Lọ bá dípò tó sún mọ́ ọ, kí o máa gba kíréètì díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kí àwọn oníbàárà sì máa mu ún lójú rẹ, kí ìgò má kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù. Bí owó díẹ̀ bá ti wọlé, máa ra ìgò lọ́wọ́ àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni kí o lọ pàdé wọn, nítorí pé ìgò àríyá òpin ọ̀sẹ̀ á ti kún ọmọlanke wọn. Fi ìka yí ẹnu ìgò kọ̀ọ̀kan ká kí o tó sanwó. Èyí tí ẹnu rẹ̀ bá ti fọ́ díẹ̀, ọkọ̀ kò ní gbà á. Má sì da ìgò aláwọ̀ ewé pọ̀ mọ́ búráùn, nítorí pé wọn kì í gba ọ̀kan dípò èkejì.