Dókítà ní kí n sinmi Arsenal fún sáà kan. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Déjì (Ìbàdàn):

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rín in tán ná kó tó dá mi lóhùn, torí ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní àwàdà nílé mi.

Ọmọ ọdún 56 ni mí. Ní ọjọ́ kejì tí PSG ti Paris lé wa kúrò nínú Champions League, nínú oṣù karùn-ún ọdún 2025 yìí, orí fífọ́ ni mo bá jí, ojú mi ń ṣe bàìbàì. Ìyá Déjì wọ́ mi lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, 178 lórí 110, ó ga jù. Dókítà bi mí pé kí ni mo ṣe lálẹ́ àná. Kí n tó la ẹnu, ìyàwó mi ti dáhùn: "Arsenal ni, dókítà." Dókítà yẹn kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó kọ oògùn fún mi, ó ní kí n dín iyọ̀ kù, ó wá ní bí mo bá lè ṣe é, kí n sinmi bọ́ọ̀lù wíwò fún sáà kan gbáko. Láti ọjọ́ náà ni rìmóòtù ti di àwátì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo rí i nínú kẹ́ẹ̀gì gàrí. Mo dá a padà síbẹ̀, sáà kúkú ti parí.

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Ọdún 1999 ni mo kó sínú ẹ̀, Kanu ló sì kó mi sí i. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, Chelsea ti fi góòlù méjì ṣíwájú wa ní Stamford Bridge, ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ni ọmọ yẹn bá gbá mẹ́ta wọlé. Ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn, ẹ̀gbẹ́ pápá lọ́hùn-ún ló wà, gólí wọn sáré jáde bá a, ó yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó wá gbá a láti ibi tí ẹlòmíì ò ti lè rí ojú ilé. Ó tán fún mi lọ́jọ́ náà. Ọdún 2004, a gbá bọ́ọ̀lù 38 ní líìgì, a jẹ 26, a ta ọ̀mì 12, ẹnikẹ́ni ò lù wá. Oṣù kan lẹ́yìn tí a gba ife yẹn ni wọ́n bí Déjì. Ó ti wà ní yunifásítì báyìí, ó ti ń fá irùngbọ̀n, kò tíì fi ojú ara rẹ̀ rí líìgì tí Arsenal gbà.

Sáà 2024/25 tó parí yìí ló wá fẹ́ pa mí. Rice ta bọ́ọ̀lù díẹ̀ lọ́jọ́ Brighton, káàdì pupa. Trossard lọ́jọ́ Man City, káàdì pupa, a fi ènìyàn mẹ́wàá di ilé mú ní gbogbo abala kejì títí di ìṣẹ́jú 98, ni Stones wọn bá gbá a wọlé. Saliba lọ́jọ́ Bournemouth, òun náà gba tirẹ̀. Ọ̀mì 14 la ta ní líìgì! Jesus fi orúnkún ṣèṣe, Saka ti wà nílé láti oṣù kejìlá, síbẹ̀ àwọn ọ̀gá wa jẹ́ kí oṣù kìíní, ìgbà tí wọ́n ń ra agbábọ́ọ̀lù, parí láìra ẹnì kan. Ní oṣù kejì, Havertz náà ya iṣan ẹsẹ̀. Bí a ò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ: wọ́n fi Merino, ọmọ àárín, ṣe nọ́ḿbà náìnì, ẹni tó ń gbá góòlù wọlé. Òòbẹ̀ náà sì gbìyànjú o, méjì ló gbá sáwọ̀n Leicester lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹgbẹ́ yìí kan náà ló lu Real Madrid 3–0. Rice kò fi fíríkíìkì gbá góòlù rí láyé ẹ̀, ó gbá méjì lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Mo sáré jáde sí àdúgbò láìwọ bàtà. A tún lọ nà wọ́n 2–1 nílé wọn. Ta ni kò ní gbàgbọ́ lẹ́yìn ìyẹn? Kí PSG tó dé, kí Dembélé tó gbá a wọlé ní ìṣẹ́jú kẹrin, kí Donnarumma, gólí wọn, tó dúró sójú ilé bí òpó iná.

Ìbéèrè mi nìyí: ṣé ẹnì kan wà níbí tó ti fi kílọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀ rí tí ara rẹ̀ sì balẹ̀? Àbí ọ̀nà kan wà tí mo lè gbà máa wò ó tí kò ní gbé mi lọ sọ́run?

Ọmọ Old Trafford:

Ẹ̀gbọ́n, mo ti rẹ́rìn-ín tán, mo dé. Ẹ kú ara tí kò yá o. Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwa Man United. Ipò kẹẹ̀ẹ́dógún la parí sí, Tottenham tún gba ife Europa mọ́ wa lọ́wọ́. Kò sí ohun tó lè dẹ́rù ba àwa mọ́. Èmi máa ń sùn ní abala kejì. Ìrètí ló ń fún yín ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ fi ìrètí sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìyá Ìbejì:

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ẹ̀gbọ́n, nọ́ọ̀sì ni mí. 178 lórí 110 kì í ṣe ti PSG. Bọ́ọ̀lù lè mú ìfúnpá gòkè fún wákàtí mélòó kan, á sì padà sílẹ̀. Bó bá ṣì wà lókè lọ́jọ́ kejì, ó ṣeé ṣe kó ti wà lára yín tipẹ́, bọ́ọ̀lù kàn ṣíṣọ lójú ẹ̀ ni. Ṣé wọ́n ti wọ̀n ọ́n fún yín rí kó tó di ọjọ́ yẹn? Ọ̀pọ̀ ọkùnrin kì í dé ilé ìwòsàn àfi tí wọ́n bá gbé wọn wá.

Àmọ́ dókítà yẹn kò parọ́ mọ́ bọ́ọ̀lù. Lásìkò Ife Àgbáyé 2006, àwọn oníṣègùn ní Munich ka iye àwọn tí ọkàn wọn dá wàhálà sílẹ̀ tí wọ́n sáré gbé wá. Lọ́jọ́ tí Jámánì bá gbá bọ́ọ̀lù, iye wọn ju ìlọ́po méjì ti ọjọ́ lásán lọ, ewu náà sì pọ̀ jù fún àwọn tó ti ní àìsàn ọkàn tẹ́lẹ̀. Bọ́ọ̀lù nìkan kọ́ ló ń ṣe é. Ẹ wo ohun tó ń bá a rìn: ọtí, sìgá, súyà oníyọ̀, àìsùn.

Ẹ lo oògùn yín lójoojúmọ́, yálà Arsenal gbá bọ́ọ̀lù tàbí kò gbá. Ẹ má dá a dúró torí pé ara yá. Ẹ má dá wà nínú ilé tẹ́ ẹ bá ń wò ó. Bí àyà bá fún yín, tàbí apá kan kú tipiri, tàbí ẹnu wọ́, ẹ má dúró gbọ́ fèrè rẹfirí, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ. Ẹ padà lọ bi dókítà yín, ẹ sọ fún un pé ẹ ò lè fi sílẹ̀ pátápátá, kó bá yín wá ibi tí ọ̀rọ̀ máa dé sí. Ó sàn ju kẹ́ ẹ máa yọ́ wò lọ.

Jagun Gunners:

Nọ́ọ̀sì ti sọ tirẹ̀, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n kí a má fi ọ̀rọ̀ ìlera bo òótọ́ mọ́lẹ̀: Odegaard ló fa ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá yìí. Bọ́ọ̀lù á dé ẹsẹ̀ ẹ̀ níwájú ilé, á yí i, á tún un yí, á dá a padà sẹ́yìn. Kàpútẹ́ẹ̀nì ni o! Martinelli náà, ó ń sáré bí ọ̀kadà tí kò ní bíréèkì, kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Kí wọ́n ra nọ́ḿbà náìnì tó mọ ojú àwọ̀n. Gyokeres gbá góòlù 39 ní líìgì Pọtogí sáà yìí, kí ni a tún ń rò?

Tíṣà Ọ̀ṣogbo:

Jagun, ẹ rọra. Ṣé ẹ ti gbàgbé pé ọrùn ẹsẹ̀ Odegaard yẹ̀ nígbà tó lọ gbá bọ́ọ̀lù fún Norway, tó jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀? Ta ló wà níwájú ẹ̀ tó fẹ́ fún ní bọ́ọ̀lù? Saka kò sí, Havertz kò sí, Jesus kò sí. Alásè tí kò ní ata, ẹ ń bi í pé kí ló dé tí ọbẹ̀ rẹ̀ funfun.

Martinelli tẹ́ ẹ ní kò mọ ìgbà ìdúró, ta ló sá lọ gbá èyí tó parí ọ̀rọ̀ ní Bernabéu, pápá Real Madrid?

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń bú Saka torí èyí tó gbá sókè ní Paris lẹ́yìn tó ti gbá ọ̀kan wọlé. Orúkọ ọmọ yẹn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Bùkáyọ̀, Ayọ̀yínká, Tèmidáyọ̀. Àwọn òbí rẹ̀ tò ó bẹ́ẹ̀ ni. Ayọ̀ mẹ́ta lórí ọmọ kan, ẹ ń dá a lẹ́bi ẹ̀jẹ̀ ríru.

Jagun Gunners:

Tíṣà, èmi ò bú Saka. Ẹnu mi ò gbà á. Ti Odegaard ni mo sọ, mi ò sì ko ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Ọmọ Adamásìngbà:

Ẹ̀gbọ́n Bàbá Déjì, ẹ ní Ìbàdàn lẹ wà, ẹ wá ń fi London pa ara yín. Ẹgbẹ́ wa níbí, IICC Shooting Stars, òun ni ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife Áfíríkà, ní 1976. Àsìkò Odegbami àti Muda Lawal nìyẹn. A tún gba CAF Cup ní 1992. Ẹ wá sí pápá Lekan Salami, kẹ́ ẹ fi ẹsẹ̀ yín rìn wọlé, ẹ gba afẹ́fẹ́, ẹ jẹ ẹ̀pà, ẹ rìn padà sílé. Dókítà yín á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Bàbá Déjì:

Ọmọ Adamásìngbà, ìwọ lo fẹ́ pa mí gan-an. Ta ló gba ife mọ́ wa lọ́wọ́ ní 1984? Zamalek ti Íjíbítì. Ta ló tún gbà á ní 1996, lórí pẹnáritì, ní àṣekágbá? Zamalek náà ni. O fẹ́ kí n ti ọ̀dọ̀ PSG padà lọ bá Zamalek.

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun púpọ̀. Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n fún mi rí. Bàbá mi náà ní in, a ò kà á sí.

Ìyá Fẹ́mi:

Ìyá Déjì ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, bó bá wà níbí. Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ṣe ohun tẹ́ ẹ ń ṣe yìí. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo gé owó decoder. Ẹ mọ ohun tí bàbá Fẹ́mi ṣe? Viewing centre ló ń lọ. Ibẹ̀ gbóná bí ààrò, ọgọ́rùn-ún ọkùnrin ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń ta paraga lẹ́nu ọ̀nà. Nílé, omi tútù ló máa ń mu. Aago mọ́kànlá ló ń wọlé, kò sì sẹ́ni tó lè bá mi wò ó bóyá ara rẹ̀ le níbẹ̀. Oṣù méjì ni mo fi gbà á láyè, mo san owó decoder fúnra mi.

Ẹ yọ rìmóòtù kúrò nínú gàrí. Ẹ jókòó tì í. Èmi ò mọ̀ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀, mo ti mọ ofsáìdì báyìí. Lọ́jọ́ tí Newcastle na Arsenal lẹ́ẹ̀kejì nínú ife Carabao, èmi ni mo pa tẹlifíṣọ̀n, bàbá Fẹ́mi ní "ó ṣeun", a lọ sùn.

Ọmọ Old Trafford:

"Mo ti mọ ofsáìdì báyìí." Ìyá Fẹ́mi, àwọn kóòṣì wa ń wá irú yín.

Tíṣà Ọ̀ṣogbo:

Ẹ̀gbọ́n, èyí tí èmi máa ń ṣe: bí bọ́ọ̀lù bá le, màá kúrò ní ìyàrá lẹ́yìn ìṣẹ́jú 80. Màá lọ fọ abọ́. Ariwo àdúgbò á sọ fún mi. Bí gbogbo àdúgbò bá pariwo, Arsenal ti jẹ. Bí ìdajì bá pariwo, tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n ti gbá a sáwọ̀n wa. Abọ́ ilé wa mọ́ púpọ̀ sáà yìí.

Bàbá Déjì (18 oṣù kẹfà, 2025):

Ẹ káàárọ̀ o. Mo ní kí n padà wá jábọ̀. Mo lọ rí dókítà bí nọ́ọ̀sì ṣe wí. 142 lórí 90 báyìí, oògùn ń ṣiṣẹ́. Mo sọ òótọ́ fún un pé fífi sílẹ̀ kò ṣeé ṣe. Ó wò mí títí, ó ní kí n ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n sílé. Bó bá ti lé ní 160 kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, kí n má wò ó. Ìyá Déjì ni yóò máa kà á, torí ó ní èmi á parọ́.

Ìyàwó mi ka ọ̀rọ̀ Ìyá Fẹ́mi, ó kàn sọ pé "hùn". Ní alẹ́ ọjọ́ náà, rìmóòtù wà lórí tábìlì, gàrí ṣì wà lára rẹ̀.

Àmọ́ wọ́n gbé ètò líìgì jáde lónìí. Ẹ wo bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ wa: Sunday 17, oṣù kẹjọ, Old Trafford. Mo fi han ìyá Déjì. Kò bá mi jà. Ó mú fóònù, ó pe ilé ìwòsàn, ó ní kí wọ́n fi wá sí ọ̀dọ̀ dókítà ní àárọ̀ Monday 18.