Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́ Ṣáínà n'Íbàdàn? Kíákíá ni o

Àjíkẹ́ Àkóbọ̀: Ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́ Ṣáínà yẹn, acupuncture, fún másùnmáwo? Kó jẹ́ ibi tó dáa, kó má sì wọ́n jù. Mo ti gbìyànjú oríṣiríṣi, kò gbọ́. Mo fẹ́ lọ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Ọmọ Mẹ́sìọ̀gọ̀: Àkóbọ̀ lẹ wà. Ẹni tó bá júwe Àpáta tó wà lódìkejì ìlú fún yín, másùnmáwo tuntun ló fún yín yẹn.

Ìyá Àdùnní: Ọkùnrin kan wà ní Mọ́kọ́lá, lẹ́yìn ilé epo, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ti ń ta aṣọ ìgbéyàwó tẹ́lẹ̀.

Bàbá Mùìbá: Ilé epo wo nínú gbogbo wọn?

Ìyá Àdùnní: Èyí tí kì í ní epo.

Gbénga Sáńgo: Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Lọ́dún tó kọjá, ọrùn àti èjìká ń dùn mí, oorun ò wá. Mi ò ní dárúkọ ibi tí mo lọ. Ẹni náà gún mi lórí èjìká, níbi tí okùn báàgì máa ń jókòó sí. Ó ta mí bí ìgbà tí èèrà bá jẹ èèyàn. Mo sanwó, mo wọ takisí Micra. Ìgbà tí mo máa gun àtẹ̀gùn ilé mi, mi ò lè mí dáadáa mọ́, bí mo bá fa èémí sínú, àyà á gún mi. Ó di ọsibítù. Wọ́n ya X-ray, wọ́n ní afẹ́fẹ́ ti jò sínú àyà, ẹ̀dọ̀fóró apá ọ̀tún ti sún kì. Rọ́bà ni wọ́n tì bọ ìhà mi. Ọjọ́ 5 ni mo fi dùbúlẹ̀, tí mò ń wo ìgò omi tó ń hó lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Másùnmáwo tí mo gbé lọ síbẹ̀ ńkọ́? Ó ń dúró dè mí nílé.

Bàbá Mùìbá: Yéè! Èmi ò lọ mọ́ o. Mi ò tiẹ̀ ní lọ tẹ́lẹ̀.

Alhaji Òkè-Àdó: Gbẹ́rẹ́ tí àwọn bàbá wa ń sín, ẹ ní ó lẹ́gbin. Ará Ṣáínà wá gbé abẹ́rẹ́ dé, ẹ ń wá àdírẹ́sì.

Físíò Agodi: Alhaji, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Gbẹ́rẹ́, abẹ la fi ń sín in, oògùn ń gbabẹ̀ wọ ara. Abẹ́rẹ́ yìí ò ní ihò, kò sí oògùn nínú ẹ̀, ó tín-ín-rín bí irun. Ẹ ó dùbúlẹ̀ bí ìṣẹ́jú 20 sí 30, wọ́n á yọ ọ́. Ohun tó ṣe Gbénga ṣọ̀wọ́n, àmọ́ ó máa ń ṣẹlẹ̀, torí orí ẹ̀dọ̀fóró ò jìnnà sí awọ níbẹ̀ yẹn. Àǹtí Àjíkẹ́, kí wọ́n já abẹ́rẹ́ tuntun lójú yín. Èyí tí wọ́n ti lò fún ẹlòmíì lè kó hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀, ran èèyàn. Ṣé ẹ lóyún? Ṣé ẹ ń lo oògùn kankan, pàápàá warfarin, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì?

Lánwá: Lọ́dún 1997, ìgbìmọ̀ kan tí NIH, àjọ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní ó wúlò fún èébì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àti fún ìrora lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ eyín. Ta ló mẹ́nu ba másùnmáwo níbẹ̀? Tí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn dán àwọn èèyàn wò, ara àwọn yẹn náà máa ń fúyẹ́.

Físíò Agodi: Òótọ́ ni, ẹ̀rí rẹ̀ ò tíì lágbára. Ṣé kí ẹni tí ara ẹ̀ ti fúyẹ́ wá dá a padà ni?

Lánwá: Kó lọ rìn l'Agodi Gardens láàárọ̀.

Alhaji Òkè-Àdó: Gbẹ́rẹ́ kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jò.

Bàbá Mùìbá: Abẹ kan ṣoṣo ni wọ́n fi sín gbogbo agboolé wa. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Tọ́pẹ́ Ọ̀jọ́ọ̀: Ẹ dákun, orúnkún màmá mi ń ró kọ̀ọ́kọ̀ọ́. Ṣé wọ́n lè gún ìyẹn náà?

Ìyá Àdùnní: Àjíkẹ́, kí ló fà á gan-an?

Àjíkẹ́ Àkóbọ̀: Kántà báǹkì ni mo wà, mà. Owó kan dín lọ́wọ́ mi lóṣù kẹrin, wọ́n ń yọ ọ́ nínú owó oṣù mi. Látìgbà yẹn, tó bá di òru, ọwọ́ mi á máa kàwó tí kò sí níbẹ̀. Mi ò lóyún o. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni mò ń lò.

Ìyá Àdùnní: Háà, ọmọ mi! Ìyẹn lò bá kọ́kọ́ sọ. Dókítà tó fún ẹ lóògùn ni kó o lọ rí.

Físíò Agodi: Bẹ́ẹ̀ ni o. Ẹ sọ fún ẹni tó máa gún yín náà.

Àjíkẹ́ Àkóbọ̀ (Sátidé): Ẹ ṣé gbogbo yín. Mo ti lọ. Kì í ṣe Mọ́kọ́lá o. Ìyàwó mẹkáníìkì mi ló júwe ibì kan fún mi ní Ring Road. Mo ní kí ẹni tó ń gúnni níbẹ̀ má fọwọ́ kan èjìká mi, ó ní ta ló dẹ́rù bà mí. Ó já ọ̀rá abẹ́rẹ́ lójú mi. Méje ni: méjì lọ́rùn ọwọ́, mẹ́rin létí, ọ̀kan láàárín ojú. Ó ti fóònù mi mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Mo sùn débi pé itọ́ dà lẹ́nu mi. Ó ní kí n padà wá lẹ́ẹ̀márùn-ún sí i. Ti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, mo gbàgbé láti sọ.

Lánwá: Fóònù tó gbà lọ́wọ́ yín ló fún yín lóorun.

Gbénga Sáńgo: Tẹ́ ẹ bá gun àtẹ̀gùn lálẹ́ yìí, ẹ kọ̀wé sí wa.

Tọ́pẹ́ Ọ̀jọ́ọ̀: Àǹtí Àjíkẹ́, ṣé ó máa ń gún orúnkún?