“Àìlèkóràn” kọ́ ni immunity

> Mo dábàá pé kí a yọ “àjẹsára” kúrò nínú àkójọ ọ̀rọ̀ ìṣègùn wa, kí a fi “àìlèkóràn” dípò rẹ̀ fún immunity. Ọ̀rọ̀ kan náà là ń pe abẹ́rẹ́, òun là ń pe ààbò, òun náà la tún ń pe òògùn ìbílẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ lórí àbá yín yìí, ẹ̀gbọ́n. Immunity, agbára tí ara ní láti kojú àrùn, là ń wá orúkọ fún. Ẹ̀sùn tí ẹ fi kan àjẹsára, òótọ́ ni. Ẹni tí ẹ fẹ́ fi jọba nípò rẹ̀ ni mi ò fọwọ́ sí.

“Àìlèkóràn” ń sọ pé àrùn náà kò lè ran onítọ̀hún mọ́, ó parí. Ẹ jẹ́ ká gbé e dé Hong Kong ní oṣù kẹjọ ọdún 2020. Ọkùnrin ẹni ọdún 33 kan ti kó kòrónà, ara rẹ̀ sì ti yá. Ọjọ́ 142 lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, bó ṣe ń ti Spéènì bọ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n tún bá kòkòrò náà lára rẹ̀. Wọ́n fi àbùdá ti àkọ́kọ́ wé ti èkejì, wọn kò bára mu, nítorí náà kì í ṣe èyí àtijọ́ ló lúgọ síbì kan. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò wúkọ́, ara rẹ̀ kò gbóná, ọ̀fun kò dùn ún. Ṣé ó ní immunity àbí kò ní? Dókítà á ní ó ní. Ọ̀rọ̀ yín á ní kò ní rárá, torí pé ó kó o.

Kíkó àrùn ọ̀tọ̀, kí àrùn dáni dùbúlẹ̀ ọ̀tọ̀. Yorùbá ya méjèèjì sọ́tọ̀, àwa tí à ń ṣe ọ̀rọ̀ tuntun la ń pa wọ́n pọ̀. Ìwádìí kan láti Qatar tó jáde ní 2022 fi hàn bí wọ́n ṣe lè jìnnà síra tó: ẹni tó ti kó kòrónà rí ní ààbò bí ìdá 90 nínú 100 lọ́wọ́ kíkó ẹ̀yà kòrónà tí wọ́n ń pè ní Alpha débi tí àmì àìsàn á fi hàn, ìdá 92 lọ́wọ́ ẹ̀yà Delta, ó wá já wálẹ̀ sí 56 nígbà tí ẹ̀yà Omicron dé. Àìsàn líle ńkọ́? Ààbò lọ́wọ́ ìyẹn ṣì sún mọ́ ìdá 88, Omicron náà kò gbà á lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ wo la fẹ́ fi sọ ìyẹn bó bá jẹ́ “àìlèkóràn” nìkan la ní lọ́wọ́? Ẹ ò lè sọ pé “àìlèkóràn rẹ̀ ti dín kù”, bí ẹ ò ṣe lè sọ pé “àìkú rẹ̀ ti dín kù”. Ọ̀rọ̀ aláìlè kò gba ìwọ̀n.

“Ààbò” gbà á. Ààbò lè nípọn, ó lè fẹ́lẹ́, ó lè ṣá. A sì lè sọ ohun tó ń dáàbò boni lọ́wọ́ rẹ̀: ààbò lọ́wọ́ kíkó, ààbò lọ́wọ́ ìdùbúlẹ̀, ààbò lọ́wọ́ ikú.

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti dárúkọ ìdá, mo ní láti ya bàrá díẹ̀, nítorí ibí ni àwọn ìwé ìléwọ́ ti máa ń ṣìnà jù. “Ó ń ṣiṣẹ́ ní ìdá 95 nínú 100”: àìmọye ìgbà ni mo ti rí i tí wọ́n tú u sí “nínú ẹni 100 tó gbà á, àwọn 5 yóò kó àrùn náà”. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìdánwò abẹ́rẹ́ kòrónà ti Pfizer àti BioNTech ní 2020, èèyàn tó lé ní 43,000 ni wọ́n pín sí méjì, apá kan gba abẹ́rẹ́ gidi, apá kejì gba omi iyọ̀ lásán. Láti ọjọ́ keje lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tí kòrónà mú: 162 ní ọ̀dọ̀ olómi iyọ̀, 8 ní ọ̀dọ̀ alábẹ́rẹ́. Ibi tí à bá ti rí 162, 8 la rí. Ìyẹn ni 95. Àwọn 8 yìí kò sì tó ẹnì kan nínú 1,000 àwọn tó gbà á. Ìtumọ̀ tó tọ́ ni “ó gé ewu náà kù ní ìdá 95 nínú 100”. Ewu èwo? Àwọn tí àmì àìsàn hàn lára wọn tí àyẹ̀wò sì jẹ́rìí sí i ni wọ́n kà. Ẹni tó kó o tí kò mọ̀, kò sí nínú òǹkà yẹn. Ẹ ò rí i pé àfi kí a pààlà sáàárín kíkó àti ìdùbúlẹ̀ ká tó lè túmọ̀ ìlà kan ṣoṣo yìí.

Ẹ má rò pé mo fẹ́ sọ “àìlèkóràn” sí ààtàn o. Èéyi ló bá mu. Ní 1846, èéyi ya wọ àwọn erékùṣù Faroe ní àríwá òkun Àtìláńtíìkì, Peter Panum tó jẹ́ dókítà sì ṣàkíyèsí pé àwọn arúgbó tó ti ṣe é ní 1781, ọdún 65 ṣáájú, kò sí èyí tó tún ṣe é nínú wọn. Ìyẹn ni mo lè pè ní àìlèkóràn láìṣẹ́jú. Kí ló wá dé tí èéyi fi gbà, tí òfìnkìn líle àti kòrónà kò gbà? Ọ̀kan ni pé ojú kòkòrò èéyi kì í yí padà. Bí ara ṣe mọ̀ ọ́n lánàá ló ṣe wà lónìí. Èkejì ni àkókò. Kòkòrò èéyi máa ń lo bí ọjọ́ 10 sí 14 kó tó farahàn, inú ẹ̀jẹ̀ ló sì ń gbà kọjá. Sẹ́ẹ̀lì tó rántí rẹ̀ nílò ọjọ́ mélòó kan láti tún pọ̀ sí i, ọjọ́ sì wà nílẹ̀ fún un. Kòkòrò òfìnkìn líle ní tirẹ̀, ihò imú ló ń bá ṣiṣẹ́, ọjọ́ 1 sí 4 péré ló sì fi ń ṣe é. Kí onírántí tó dìde, àlejò ti wọlé. Ó kàn máa ń bá a ní pálọ̀ ni, kó má jẹ̀ẹ́ kó wọ yàrá.

Ó yá, àjẹsára fúnra rẹ̀. À-jẹ-sí-ara. Ìbátan ayẹta àti òkígbẹ́ ni, ohun tó sì ń dà á láàmú nìyẹn: ẹni tó gbọ́ ọ ń retí kí ọta má wọlé rárá, bó bá wá kó àrùn lẹ́yìn abẹ́rẹ́, á ní wọ́n lu òun ní jìbìtì. Mo gbà. Síbẹ̀ gbogbo ayé ló mọ abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò sì sí èdè tí kò gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí màlúù ni wọ́n ti fa vaccine (àjẹsára) yọ, nítorí oyún ọgbẹ́ àrùn màlúù láti ọwọ́ obìnrin kan tó ń fún wàrà, èyí tí Edward Jenner, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, fi ha apá ọmọ ọdún 8 kan ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 1796. Kò sí ẹni tó ń wá màlúù nínú abẹ́rẹ́ èéyi. (Ẹ̀kán méjì tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu nítorí rọpárọsẹ̀ ni “jẹ” inú àjẹsára bá mu jù lọ.) Àbá mi ni pé kí àjẹsára dúró sórí ohun tí wọ́n fi síni lára nìkan. Ohun tí ara rí gbà níbẹ̀, ààbò ni.

> Fún antibody, “ọmọ ogun ara” tàbí “sójà ara” ti tó.

Kò tó, ẹ̀gbọ́n. Àwa fúnra wa la pe HIV ní kòkòrò apa-sójà-ara, sẹ́ẹ̀lì la sì ń bá wí níbẹ̀. Ipò yẹn ti ní olóyè. Antibody kì í ṣe ohun abẹ̀mí. Èròjà purotéènì kan ni, ó ní apá méjì bíi lẹ́tà Y, sẹ́ẹ̀lì ló ń ṣe é jáde, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó lẹ̀ mọ́ nǹkan. Mo dábàá “alẹ̀mọ́”. Bó bá lẹ̀ mọ́ ibi tí kòkòrò fi ń di sẹ́ẹ̀lì mú, ó dà bí ẹni rọ ìda sójú ihò kọ́kọ́rọ́, ilẹ̀kùn kò ní ṣí. Bó bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kòkòrò ńkọ́? Ẹni tó ní HIV ní alẹ̀mọ́ rẹpẹtẹ, òun ni ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò fi ń mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ kò lé kòkòrò náà lọ. Ti ibà dẹ́ńgì tún burú jù bẹ́ẹ̀: oríṣi mẹ́rin ni, alẹ̀mọ́ tí oríṣi kan fi sílẹ̀ lè fa oríṣi mìíràn wọ inú sẹ́ẹ̀lì, kí èyí ẹlẹ́ẹ̀kejì wá le ju àkọ́kọ́ lọ. Sójà wo ló ń ṣílẹ̀kùn fún ọ̀tá? Alẹ̀mọ́ kò ṣèlérí kankan ju pé yóò lẹ̀ mọ́ ọn lọ, ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀.

> “Ìpadàbọ̀ àrùn” fún reinfection.

Nǹkan mẹ́ta lẹ so pọ̀ níbẹ̀ yẹn. Kòkòrò tuntun wọlé láti ìta: “àtúnkó”. Èyí tó ti wà nínú ara tẹ́lẹ̀ jí: “ìtúnjí”, bíi ti kòkòrò ṣíkìn-pọ́ọ̀sì tó máa ń sùn sí gbòǹgbò iṣan ìmọ̀lára fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó tó yọ roro tó ń ta bí iná sí ìhà kan ṣoṣo. Ẹ̀kẹta kì í tilẹ̀ ṣe àrùn mọ́: àyẹ̀wò PCR, tó ń wá àbùdá kòkòrò, lè máa rí àfọ́kù kòkòrò tó ti kú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí àjọ CDC, tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, fi wo ọjọ́ 90 nígbà àjàkálẹ̀ náà kí wọ́n tó fura sí àtúnkó kòrónà.

“Abẹ́rẹ́ ìránnilétí” tí ẹ mú wá fún booster, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń tún ààbò tó ti ṣá ró, ó dùn mọ́ mi nínú, bí kò bá ti í ṣe pé ẹ lò ó fún abẹ́rẹ́ èéyi ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án tó gba èyí àkọ́kọ́, bí 85 nínú 100 ni ara wọn ń gbà á. Alẹ̀mọ́ tí àwọn kan yá lára ìyá wọn ṣì lè wà níbẹ̀, kó pa àjẹsára náà kó tó kọ́ ara lẹ́kọ̀ọ́. Èyí ẹlẹ́ẹ̀kejì wá fún àwọn tí ti àkọ́kọ́ kò mú. Ẹni tí kò gbọ́ ohunkóhun, kí la fẹ́ rán an létí? Ẹ jẹ́ ká pe ìyẹn ní “abẹ́rẹ́ àfidí”, torí àlàfo ló ń dí.

Gbólóhùn tí mo fẹ́ kí ẹ fi dán gbogbo rẹ̀ wò rèé: “Àjẹsára yìí ń fún ara ní ààbò tó nípọn lọ́wọ́ ìdùbúlẹ̀, èyí tó fẹ́lẹ́ lọ́wọ́ kíkó, alẹ̀mọ́ rẹ̀ máa ń ṣá láàárín oṣù díẹ̀, nítorí náà àtúnkó lè wáyé.” Ẹ fi “àìlèkóràn” sí i níbi tó bá ti gbà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa.