Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ẹgbẹ́ orí ayélujára, bí ẹni tuntun bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nínú ẹgbẹ́ yín, ṣé ẹ máa ń dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ná, kí lẹ sì ti rí?

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́:
Mo wà lára àwọn ádímínì ẹgbẹ́ ọ̀gbìn ẹ̀yìnkùlé kan lórí Facebook. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ń sọ̀rọ̀ bó ṣe wù ú. Ká tó ṣẹ́jú, wọ́n ti gbé "fi ₦10,000 wá gba ₦100,000" sáàárín àwòrán tòmátì àti ata rodo. La bá ní ọ̀rọ̀ ẹni tuntun kò ní jáde mọ́ àfi tí ádímínì bá kọ́kọ́ rí i. Àwọn gbájúẹ̀ ò bínú o! Wọ́n mọ sùúrù ṣe. Wọ́n á kí wa kú iṣẹ́, wọ́n á yin ẹ̀fọ́ ẹlẹ́fọ̀ọ́. Ìgbà tá a bá tú wọn sílẹ̀ tán ni wọ́n ń gbé ọjà wọn jáde. Ẹni tí ìyà jẹ ni ẹni tí kòkòrò ń jẹ ilá rẹ̀ run, tó béèrè lálẹ́ Sátidé, tí gbogbo ádímínì wà lóde àríyá.

Ìbéèrè ẹnu ọ̀nà ló gbà wá. Facebook gbà kéèyàn bi ẹni tó ń bọ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta. Tiwa rèé: kí lẹ máa ń ṣe sí irúgbìn ewédú kẹ́ ẹ tó gbìn ín? Ẹni tó ti gbin ewédú rí á ní òun a máa dì í sínú aṣọ, òun a rì í bọ omi gbígbóná díẹ̀, torí èèpo rẹ̀ le, kì í tètè hù. Gbájúẹ̀ á kọ "yes". Ẹni tó bá ní òun ò mọ̀, òun wá kọ́ ọ ni, ó ti wọlé nìyẹn. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ tó bá ní líǹkì nínú nìkan là ń dá dúró.

Àbúrò Manchester:
Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹgbẹ́ míì dá èmi dúró bẹ́ẹ̀. Ewé tẹ̀tẹ̀ mi ń pọ́n rúsúrúsú lójú fèrèsé, mo béèrè, kẹ́kẹ́ pa. Mo rò pé wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ pa mí tì ni. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ mi fi jáde, mo ti fa tẹ̀tẹ̀ tu. Ẹ dá èèyàn dúró, kò burú, ẹ ṣáà sọ fún un.

Bàbá Ọlọ́pọ́n:
WhatsApp ni àwa ọlọ́pọ́n ayò wà. Ẹ lè yẹ ẹni tó fẹ́ wọlé wò níbẹ̀, àmọ́ tó bá ti wọlé, àfi kí gbogbo ilé máa sọ̀rọ̀ tàbí kó ku ádímínì nìkan. Nígbà tá a ti gbogbo ẹnu pa, àwọn àgbà fa ìbínú yọ. A kó lọ sí Telegram, níbi tá a ti lè dá ẹnì kan ṣoṣo lẹ́kun. Àwọn àgbà kan ò tẹ̀ lé wa débẹ̀ ṣá.