Ọ̀gá ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀: ṣé ẹjọ́ ṣì wà níbẹ̀?

Ọmọ Obòkun: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ ẹnì kan tó ń mójú tó sítọ̀ ilé búrẹ́dì kan ní Iléṣà níbí ni mo fẹ́ bi yín. Wọ́n gé owó oṣù rẹ̀ láti ₦110,000 sí ₦75,000, wọ́n sì gbé e lọ sídìí ẹrù kíkó. Ọ̀gá ní bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Tó bá kọ ọ́, ṣé kò tíì pa ara rẹ̀ lára? Ṣé kọ́ọ̀tù lè dá a padà síṣẹ́?

Ará Mọ́ọ̀rẹ̀, Ifẹ̀: Ẹjọ́ wà. National Industrial Court, kọ́ọ̀tù tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, gbà pé bí agbanisíṣẹ́ bá ni òṣìṣẹ́ lára títí tó fi kúrò, lílé ló lé e, ì báà jẹ́ òṣìṣẹ́ ló kọ̀wé. Àmọ́ òṣìṣẹ́ ni yóò mú ẹ̀rí wá. Kó kọ́kọ́ kọ lẹ́tà ìtakò: ọjọ́ tí wọ́n gé owó, iye tí wọ́n gé, àti pé òun kò fọwọ́ sí i. Kí wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà tirẹ̀ pé àwọn gbà á. Bó bá ń gba ₦75,000 láìsọ̀rọ̀, wọ́n á ní ó ti gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá wá ń lọ, ìdí yìí gan-an ni kó kọ sínú ìwé náà. Ẹ jọ̀ọ́, kó má kọ “mo dúpẹ́ fún àǹfààní tí ẹ fún mi” síbẹ̀. Gbólóhùn yẹn ni lọ́yà wọn máa kà sétí adájọ́.

Agbẹjọ́rò Òṣìṣẹ́: Iṣẹ́ aládàáni kì í sábà ní ìdápadà. Ẹni tí òfin fúnra rẹ̀ dáàbò bo iṣẹ́ rẹ̀, bí òṣìṣẹ́ yunifásítì ìjọba tí wọ́n ti fìdí ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀, ni kọ́ọ̀tù máa ń dá padà. Tirẹ̀ yìí, owó dípò ìkìlọ̀ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ìyẹn owó iṣẹ́ àkókò ìkìlọ̀ tó yẹ kí wọ́n fún un kó tó kúrò. Ẹ wo ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sọ iye àkókò ìkìlọ̀, abala 11 nínú Labour Act (òfin iṣẹ́) ní ọ̀sẹ̀ 2 fún ẹni tó ti lo ọdún 2 àmọ́ tí kò tíì pé 5, oṣù 1 fún ọdún 5 sókè. Owó tí wọ́n gé àti pẹ́ńṣọ̀n tí wọn ò san wọlé, ẹ̀tọ́ ọ̀tọ̀ ni. Kó má sì tètè gba owó ìdágbére, kó má fọwọ́ síwèé pé òun ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ òun; ẹni tó bá gbà á ti fara mọ́ ìyọkúrò náà lójú òfin.

Bó bá jẹ́ WhatsApp ni ọ̀gá fi sọ̀rọ̀ yẹn, títẹ̀ ẹ́ jáde nìkan kò tó. Abala 84 nínú Evidence Act 2011 (òfin ẹ̀rí) ń béèrè ìwé ẹ̀rí lórí fóònù àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Kó má ta fóònù náà.

Ọmọ Obòkun: Ẹ ṣé gan-an. Ọdún 4 àti oṣù 10 ló ti lò. Ṣé kó dúró kó pé 5?

Agbẹjọ́rò Òṣìṣẹ́: Rárá o. Owó ọ̀sẹ̀ 2 péré ló máa fi kún un, bẹ́ẹ̀ bó ṣe ń pẹ́ sí i lẹ́nu iṣẹ́ náà ni ẹjọ́ rẹ̀ ń rọ̀ sí i. Lẹ́tà ìtakò yẹn, ọ̀sẹ̀ yìí ni kó kọ ọ́.