Ìjóná kọ́, ìdágbiná ni

Ẹ̀yin ará,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n wa tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní kí a máa pe ìgbóná tí epo tàbí igi fi ń gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i ní "ìwọ̀n ìjóná". Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n jóná kò bá a mu. Ẹ̀wà a máa jóná nínú ìkòkò láìsí ọwọ́ iná kankan lójú rẹ̀. Ẹni tó ní ẹran òun jóná kò sọ pé iná sọ lára ẹran náà. Gbiná là ń wá.

Ní Ìkẹ́nnẹ́, ẹni tó fẹ́ se ayamáṣe yóò kọ́kọ́ gbé epo pupa kaná títí pípọ́n rẹ̀ yóò fi lọ. Lọ́jọ́ kan, àǹtí mi gbé tiwọn ka sítóòfù oníná mọ̀nàmọ́ná, wọ́n wá lọ dá àlejò lóhùn. Epo rú èéfín títí, àfi bí iná ṣe sọ lójú rẹ̀ lójijì. Kò sí ìṣáná, kò sí ẹyín iná nítòsí. Ọmọrí ni wọ́n fi dé e pa (ẹ má ṣe da omi sí irú iná bẹ́ẹ̀ láé). Epo náà ti gbóná kọjá 300 lórí òṣùwọ̀n Celsius kó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Igbe tí àǹtí mi ké ni pé, "Epo yìí mà dá gbiná!" Ibẹ̀ ni mo ti mú ìdágbiná. "Dá" inú dágbé àti dájẹ náà ni.

Ẹnì kan takò mí pé "gba iná" ló di gbiná, pé ohun tó bá gbà gbọ́dọ̀ rí ẹni fún un. Àtakò tó jinlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n epo àǹtí mi gba nǹkan: ooru ló gbà. Bí ohun kan bá ti gbóná dé àyè kan, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í bá a pò, ìpòpọ̀ yẹn náà á tún mú ooru jáde. Bí ooru náà bá ń tètè sá lọ, kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Bó bá ń wọlé ju bó ṣe ń jáde lọ, iná dé nìyẹn.

"Ojú-ìgbiná" tí ẹlòmíràn dá dùn mọ́ mi, àmọ́ ibòmíràn ni kí ẹ jẹ́ ká fi í sí: ìgbóná tí oru tó ń jáde lára epo fi lè gbiná bí a bá ṣáná sí i. Méjèèjì yàtọ̀ gan-an. Bẹntiróòlù tó tutù dé 40 sísàlẹ̀ òdo ṣì lè gba iná ìṣáná. Dísù gbọ́dọ̀ gbóná kọjá 50. Ẹ wá mú ìṣáná kúrò: dísù a dá gbiná ní nǹkan bí 210, bẹntiróòlù á tó 250 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó ń yára tẹ́lẹ̀ ló wá di ẹ̀yìn! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò lè gbé méjèèjì. Ẹ bi àwọn tó ń tún tírélà ṣe ní Ṣàgámù: ẹ́ńjìnnì dísù kò ní púlọ́ọ̀gì. Afẹ́fẹ́ ló ń fún pọ̀ títí yóò fi gbóná, dísù tó bá tú sínú rẹ̀ á dá gbiná.

Bí kábọ́nù, èròjà kan tó wà nínú àwọn epo wọ̀nyí, ṣe tò wà nínú ohun tó fa ìyàtọ̀ yìí. Èròjà oníkábọ́nù 8 tó tò gbọọrọ bí ìlẹ̀kẹ̀ a dá gbiná ní nǹkan bí 210. Òmíràn tó ní 8 bákan náà, àmọ́ tó pẹ̀ka, á lé ní 400.

Ẹ má sì jẹ́ ká pe ìwọ̀n ìdágbiná ní "ààlà", torí kì í dúró sójú kan. Òkìtì ńlá ń pa ooru mọ́ sínú, nítorí náà ó lè dá gbiná níbi tí ẹ̀kúnwọ́ ohun kan náà kò ní ṣe nǹkan kan. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Igbó tẹ́ ẹ mọ ibi ìlagi dáadáa, bí òkìtì iyẹ̀ igi bá ń rú èéfín láti inú wá, kí lẹ máa ń pè é?