Apidán ni ọmọ náà, kì í ṣe àjẹ́

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé: nínú ìtàn àwọn ọmọdé, kí ni ká máa pe ọ̀dọ́mọdé tí idán pípa mọ́ lọ́wọ́ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tó sì ní ohun kan tó ń fi pa mọ́ fáráyé? Ẹ̀gbọ́n kan dá “àjẹ́ ọmọdé” lábàá, ẹlòmíràn ní “oṣó kékeré”. Ẹ jọ̀wọ́, mi ò lè fara mọ́ ọn.

Àjẹ́ kì í ṣe orúkọ iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ̀sùn ni lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn lónìí. Wọ́n ti torí rẹ̀ lé ọmọ kúrò nílé, wọ́n ti torí rẹ̀ na ọmọ nínàkunà, débi pé òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìpínlẹ̀ Akwa Ibom ṣe ní 2008 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti pe ọmọ ní àjẹ́. Ṣé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ la fẹ́ fún ọmọ tí òǹkàwé máa fẹ́ràn? Oṣó kò sàn jù ú lọ. “Alálùpàyídà” tí Bíbélì fi pe àwọn tó bá Mósè figagbága níwájú Fáráò kò burú tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó gùn lẹ́nu ọmọdé.

Apidán ló yẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì ti wà lọ́dọ̀ eégún aláré tipẹ́. Ọmọ tí wọ́n bí ságboolé ọ̀jẹ̀, ìyẹn ìdílé eléégún, á kọ́ ẹsà tí í ṣe ewì eégún, á kọ́ òkìtì títa, á kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí ẹ̀kú, aṣọ eégún, padà lójú agbo tí èèyàn fi ń di ọ̀nì tàbí erè. Nígbà tí Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, dé Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, wọ́n ṣeré fún un: erè jáde, eégún tó ṣe bí òyìnbó sì jáde. Idán ni, ìran àpéwò ni, kò sẹ́ni tó ń torí ẹ̀ sá fún wọn.

Ó wá ku ohun tí ọmọ náà ń pa mọ́. Àbúrò kan ní ká pè é ní “aláṣìírí”. Ṣùgbọ́n aláṣìírí mi ni ẹni tí mo ń finú hàn, kì í ṣe ẹni tó ń fi nǹkan pa mọ́ fún mi. Àṣírí fúnra rẹ̀, tó ti ọ̀dọ̀ Hausa wọlé látinú èdè Lárúbáwá, máa ń tú ni, tàbí kí Ọlọ́run boni láṣìírí. Ìtìjú tàbí ewu kì í jìnnà sí i. Awo yàtọ̀. Gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n, ọ̀gbẹ̀rì ni kò mọ̀ ọ́n. Bí ọmọ bá mọ ohun tó wà nínú ẹ̀kú, awo ló ń pa mọ́. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó ń pè ní bàbá kọ́ ló bí i, àṣírí nìyẹn. Ẹni tó sọ pé awo máa mú òǹkàwé ronú kan babaláwo nìkan, ẹ rántí pé awo eégún wà, awo Orò wà.

Nítorí náà, “ọmọ-awo apidán” ni mo dá lábàá níbi tí ohun ìpamọ́ náà bá ti jẹ́ ti iṣẹ́. Níbi tó bá ti jẹ́ tirẹ̀ nìkan, “apidán” tó, kí ìtàn sọ ìyókù. Orúkọ kan kò ní láti ru gbogbo ìtàn.

Ní ti “ẹlẹ́bùn”, bí a bá fẹ́ fi pe ọmọ tí idán jẹ́ ẹ̀bùn àbímọ́ni fún, kò tíì yé mi tó. Ẹ̀yin ọmọ ọ̀jẹ̀ tó wà láàárín wa, kí ni wọ́n ń pe ọmọ tó gba idán láìjẹ́ pé wọ́n kọ́ ọ nílé yín?